Ohun Tí Bàbá àti Ìyá Jọ Kọ Sínú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ



Lẹ́tà kan ni ó bí ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí. Obìnrin kan nínú ẹ̀yin tí ń gbọ́ wa lórí rédíò ni ó kọ ọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kúrò nílé wá sí Òkè Ọya. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Àkọ́bí wọn, tí ó jẹ́ obìnrin, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ó kú. Èkejì jẹ́ ọkùnrin, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ìkẹta tún ní àrùn náà. Àwọn ará ilé ọkọ wí pé láti ìdílé ìyàwó ni nǹkan náà ti wá, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí ní ìdílé tiwọn. Obìnrin náà wádìí ní ìdílé tirẹ̀, kò rí i níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè tí ó wá bi wá kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé èmi ni mo gbé e wá ni?"

A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán dá a lóhùn. Ìbéèrè rẹ̀ ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì dájú. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè yé àwọn àna rẹ̀, ó di dandan kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń jogún ara lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá wa lọ.

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá. Wọ́n ti kíyè sí i pé imú, àwọ̀, ìrìn, àní ohùn pàápàá, a máa ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń wádìí ìdílé dáradára kí wọ́n tó fi ọmọ fún ọkọ. Wọn yóò rán ẹni tí ó gbọ́n lọ sí ìlú àwọn àna láti bèèrè lábẹ́lẹ̀ bóyá wárápá wà nínú ìdílé náà, tàbí wèrè, tàbí ẹ̀tẹ̀. (Ní ti ẹ̀tẹ̀, wọ́n ṣì í: kòkòrò ni ó ń fà á, a kì í bí i mọ́ni.) Ìwádìí yìí dára, a kò sì fẹ́ kí ó parun. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí nìkan ni alárinà lè ròyìn. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí lè wà nínú ìdílé fún ìran mẹ́rin láìsí ẹni tí ojú rẹ̀ tó o.

Ara ènìyàn jẹ́ àkójọ àwọn ẹyọ kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, tí ojú lásán kò lè rí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni kókó kan wà, inú kókó yìí ni a sì kó ìwé ara wa pamọ́ sí. Ìwé náà pín sí ìdìpọ̀ 46. Ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kúrómósómù. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn, èyí tí ó jẹ́ ọ̀nà 23. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìkejì wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ó yẹ kí á mọ̀ pé kò tíì pẹ́ tí a ka iye yìí pé. Títí di ọdún 1956, 48 ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé.

Kí á tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ya ọ̀rọ̀ kan sọ. Méjì tí ó kẹ́yìn nínú àwọn kúrómósómù wọ̀nyí ni ó ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. X méjì ni obìnrin ní. Ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Nítorí náà, X ni ìyá máa ń fún ọmọ nígbà gbogbo, nítorí òun nìkan ni ó ní. Bàbá ni ó lè fún un ní X tàbí Y, bí ó bá sì fún un ní Y, ọmọ náà di ọkùnrin. A mọ àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti fẹ́ ìyàwó kejì, tí wọ́n sì ti tú ilé ká, nítorí pé obìnrin nìkan ni ìyàwó wọn ń bí. Bí ẹjọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyàwó ni ó yẹ kí a lọ dá a.

Nínú kúrómósómù kọ̀ọ̀kan ni okùn gígùn kan wà tí a ká jọ. Okùn yìí ni DNA. Bí a bá tú ti inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ká, tí a sì nà án tán, yóò tó nǹkan bíi mítà méjì, èyí tí ó ga ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Síbẹ̀ inú ohun tí orí abẹ́rẹ́ fi tóbi jù lọ púpọ̀púpọ̀ ni a ká a sí. Àwòrán rẹ̀ dà bí àkàbà tí a fi okùn ṣe, tí a wá lọ́ po láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ gbogbo ìwé náà: A, T, C àti G. Lórí ìgbésẹ̀ àkàbà kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà méjì ni ó kojú ara wọn; T nìkan ni A máa ń bá dọ́gba, G nìkan sì ni C máa ń bá dọ́gba. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ di méjì, àkàbà náà yóò là sí méjì, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì kọ ìkejì rẹ̀ padà, nítorí pé níbi tí A bá dá wà, a ti mọ̀ pé T ni ó kù. James Watson àti Francis Crick ni wọ́n kéde àwòrán yìí ní Cambridge ní ọdún 1953, ṣùgbọ́n fọ́tò tí a yà níbi iṣẹ́ obìnrin kan, Rosalind Franklin, ní London, ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Ó ti kú ní ọdún 1958, kí a tó fi ẹ̀bùn Nobel dá àwọn ọkùnrin lọ́lá lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1962.

Lórí okùn DNA yìí, apá kọ̀ọ̀kan tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ ni à ń pè ní jíìnì. Ìwé ara ènìyàn gùn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta ìgbésẹ̀ àkàbà. Àwọn jíìnì tí wọ́n ń sọ bí a ó ti ṣe pùrótéènì ara tó nǹkan bí 20,000. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni ara fi ń kà wọ́n. Lẹ́tà mẹ́ta jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì dà bí àṣẹ pé, "Mú ìlẹ̀kẹ̀ báyìí, kí o sín in tẹ̀lé èyí tí ó ṣáájú." Bí a bá sín ìlẹ̀kẹ̀ náà tán bí ìwé ti wí, ó di pùrótéènì. Òun ni ẹran ara, òun ni irun, òun ni ohun tí ó mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n.

Ẹ wá wo bí àṣìṣe kékeré ṣe lè ṣe ohun ńlá. Àwa Yorùbá kò yẹ kí á ṣiyèméjì lórí èyí. Igba ni òǹkà, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, igbà ni a fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ wa nínú ìwé yìí lẹ́yìn tí a ti sọ ọ́ lórí rédíò mọ ohun tí atẹ̀wé lè fi wá ṣe bí ó bá fo àmì kan ṣoṣo. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ lórí kúrómósómù kọkànlá. Jíìnì kan wà níbẹ̀ tí ó ń sọ bí a ó ti ṣe apá kan hìmóglóbìnù, èyí tí í ṣe ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ìlẹ̀kẹ̀ 146 ni a sín fún apá náà. Ní ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà, GAG ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé; lára àwọn ẹlòmíràn, GTG ni ó wà. Lẹ́tà ẹyọ kan ni ó yàtọ̀. Ẹ̀dà tí ó pé ni à ń pè ní A. Ẹ̀dà tí lẹ́tà rẹ̀ yí padà ni à ń pè ní S. (A yìí kì í ṣe A inú lẹ́tà mẹ́rin tí a kà lẹ́ẹ̀kan, orúkọ ni wọ́n fi jọra.)

Hìmóglóbìnù S kì í ṣe ibi níwọ̀n ìgbà tí ó bá gbé ọ́síjìn lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀: yóò lẹ̀ mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì gan bí igi, sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto yóò wá tẹ̀ bí dòjé. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni dókítà James Herrick rí ní Chicago tí ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1910. Dòjé kò lè gba inú iṣan tóóró kọjá. Wọn yóò há, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibi tí ó ń lọ, egungun yóò bẹ̀rẹ̀ sí ké. Ẹni tí ó bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ ní òru mọ̀ pé àwọn tí ó sọ àrùn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde kò ṣeré. Yàtọ̀ sí èyí, sẹ́ẹ̀lì pupa tí ara rẹ̀ dá a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti SS a máa kú láàárín ọjọ́ 10 sí 20. Ìdí nìyí tí ojú wọn fi máa ń pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú mú, tí ẹ̀jẹ̀ kì í sì í tó lára wọn.

Níwọ̀n bí kúrómósómù kọkànlá ti jẹ́ méjì, ẹ̀dà jíìnì yìí jẹ́ méjì lára olúkúlùkù wa. Ẹni tí méjèèjì rẹ̀ bá pé ni AA. Ẹni tí méjèèjì bá yí padà ni SS, òun ni ó ní àrùn. Ẹni tí ó ní ọ̀kan nínú èyí àti ọ̀kan nínú ìyẹn ni AS, kò sì sí ohun tí ó ń ṣe é, nítorí pé ẹ̀dà tí ó pé ń ṣe iṣẹ́ fún méjèèjì. Yóò ro oko, yóò gbá bọ́ọ̀lù, yóò dàgbà di arúgbó. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹnìkan ni ó rí báyìí. S ń bá wọn rìn láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbà sí bàbá, láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọ, kò sì sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá pàdé S mìíràn.

Inú wa a máa dùn láti rántí pé àlùfáà ni ẹni tí ó kọ́kọ́ rí òfin ìpàdé yìí. Gregor Mendel, ọmọ ẹgbẹ́ àwọn Augustine ní ìlú Brno, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, gbin irú ẹ̀wà òyìnbó kan sí ọgbà ilé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́. Ó mú èyí tí òdòdó rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú pọ̀ mọ́ èyí tí òdòdó rẹ̀ funfun. Ní ìran kìíní, funfun pòórá pátápátá. Ní ìran kejì, ó padà, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Mendel sọ èyí níwájú àwọn ènìyàn ní ọdún 1865, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1866, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí. Ó kú ní ọdún 1884. Ọdún 1900 ni ayé tó mọ ohun tí ó ṣe.

Ẹyọ kan nínú mẹ́rin yẹn náà ni ó dé ilé obìnrin tí ó kọ̀wé sí wa. Ẹ fojú inú wo bàbá tí ó di ìlẹ̀kẹ̀ méjì mọ́wọ́, funfun kan àti dúdú kan. Ìyá náà di méjì bẹ́ẹ̀ mọ́wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ bí ọmọ, olúkúlùkù yóò mú ẹyọ kan sílẹ̀ láìwo ọwọ́. Ó lè jẹ́ funfun àti funfun, èyí ni AA. Ó lè jẹ́ funfun ti bàbá àti dúdú ti ìyá, tàbí dúdú ti bàbá àti funfun ti ìyá. Méjèèjì yìí jẹ́ AS. Ó sì lè jẹ́ dúdú àti dúdú. Bí wọ́n bá bí ọmọ náà tán, ìlẹ̀kẹ̀ padà sí ọwọ́ wọn bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ọkùnrin kan sọ fún wa pé àwọn ti bí mẹ́ta tí ara wọn dá, nítorí náà ewu ti kọjá. Rárá. Oyún kẹrin kò mọ ohun tí mẹ́ta àkọ́kọ́ mú. Ẹlòmíràn rò pé bí òun bá ti bí SS kan, àwọn mẹ́ta tí ó kù yóò bọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá kó irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ọgọ́rùn-ún jọ, tí olúkúlùkù bí ọmọ mẹ́rin, nǹkan bí 32 ni kò ní rí SS kankan rárá. Àwọn 32 yìí ni wọ́n máa ń jẹ́rìí pé irọ́ ni àwọn dókítà ń pa.

Nítorí náà, arábìnrin wa, ìdáhùn yín rèé. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ẹ gbé e wá. Ẹ kò tilẹ̀ lè dá a gbé wá. Bí kò bá sí S lára ọkọ yín, kò sí ọ̀nà tí ẹ̀yin méjèèjì ìbá fi bí SS. Bí ẹ̀yin ti fi ẹyọ kan sílẹ̀ ni òun náà fi ẹyọ kan sílẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì yan èyí tí ọwọ́ bà. Ohun tí àwọn àna yín sọ, pé àìsàn náà kò sí ní ìdílé wọn, lè jẹ́ òtítọ́ pátápátá láìjẹ́ ẹ̀rí kankan. Ẹ lè fi ìwé yìí hàn wọ́n.

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí tán láìdárúkọ àbíkú. Ẹ rántí àwọn orúkọ náà: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, Bánjókòó. Ọmọ tí ó bá jẹ́ SS a máa dára nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, nítorí pé ìkókó ṣì ń lo hìmóglóbìnù mìíràn tí ó ti inú oyún gbé wá, èyí tí S kò sí nínú rẹ̀. Bí ó bá ń tó bí oṣù mẹ́fà, tí ti inú oyún ń dínkù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú, ibà lè gbé e dè. Lójú ìyá tí kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọmọ náà wá wo ilé, kò fẹ́ ẹ, ó sì ń palẹ̀ mọ́. A kò wí pé gbogbo àbíkú ni SS; ibà, èéyi àti ìgbẹ́ gbuuru pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n SS wà lára wọn, a sì ti fi abẹ kọ ọ̀pọ̀ lára fún ẹ̀sùn tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ègún. Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà kì í ráyè bá ọmọ tí ó jẹ́ AS jà bí ó ti ń bá AA jà. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, AS là á já ju àwọn ẹlòmíràn lọ, ó sì dàgbà láti bímọ. Ìdí nìyí tí S fi pọ̀ láàárín wa, tí a sì tún rí i ní India, ní ilẹ̀ Arébíà àti ní Gíríìsì.

Ní ti àyẹ̀wò, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn kan ń mú ìwé tí ó sọ pé O ni ẹ̀jẹ̀ wọn wá fún wa. Ìyẹn wúlò fún ẹni tí yóò gba ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹ́nótáìpù. Ọkùnrin kan nínú ìjọ wa gba AA ní yàrá àyẹ̀wò kan, ó fi ọkàn balẹ̀ gbéyàwó, nígbà tí ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ ni a tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò tí ó jẹ́ AS. Ẹ ṣe é ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára kò gbọdọ̀ gba èsì rẹ̀ gbọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ yóò dá sí i. Ẹ má sì gbàgbé C. Lẹ́tà mìíràn ni ó yí padà nínú ọ̀rọ̀ kẹfà kan náà, ó sì wà láàárín àwa Yorùbá. AC kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AC, wọ́n lè bí SC, àrùn sì ni èyí pẹ̀lú.

Àwọn kan bi wá pé èé ṣe tí Ìjọ kò fi òfin dè é kí AS má fẹ́ AS. Òfin Ìjọ kò kà á mọ́ ohun tí ó ń ba ìgbéyàwó jẹ́, a kò sì ní àṣẹ láti fi òfin tiwa kún un. Ohun tí ó jẹ́ ojúṣe wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀ láìmọ̀. Èyí tí ó ń dùn wá ni àkókò. A ti tẹ káàdì, àwọn ẹbí ti ra aṣọ, bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin, nígbà náà ni àwọn ọmọ yóò mú ìwé àyẹ̀wò méjì wá síwájú wa pẹ̀lú omi lójú. Nílé, alárinà ìbá ti rìn, àwọn ìyá ìbá ti sọ̀rọ̀. Ní Sábọ́n-Gàrí, àwọn ọmọ méjì pàdé nínú ẹgbẹ́ akọrin, kò sì sí ẹni tí ó mọ ilé tí ẹnìkejì ti wá. A bẹ̀ yín, kí ìbéèrè náà ṣáájú mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Ó sàn kí ó tilẹ̀ ṣáájú ìfẹ́ pàápàá.

Àwọn tí ó jẹ́ SS ń gbọ́ wa, a kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni pé ìsìnkú wọn ni à ń sọ. Olùkọ́ wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà, òbí wà. Omi mímu dáadáa, oògùn ibà, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn tí ń dènà kòkòrò fún àwọn ọmọdé ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là. Oògùn hydroxyurea ń mú kí ara tún máa ṣe hìmóglóbìnù inú oyún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, dókítà ni ó sì gbọdọ̀ máa darí ìlò rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2023, Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn kan tí a fi ń tún jíìnì ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀, kí hìmóglóbìnù inú oyún lè padà wá. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnìkan.

Arábìnrin wa, ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa ọmọkùnrin yín tí ara rẹ̀ dá. Ẹ sọ pé ó ń múra àtilọ sí yunifásítì. Ọmọ tí kò ṣàìsàn nínú ilé bíi tiyín, bí a bá kó mẹ́ta irú rẹ̀ jọ, a lè retí kí méjì jẹ́ AS. Ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò kí ó tó lọ, kí ẹ sì fi ìwé náà lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́.